Wọ́n ń kọrin Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò lè sọ Gẹ̀ẹ́sì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tísà Pírámárì Kẹrin

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin tí a jọ ń jẹ eruku ṣọ́ọ̀kì. Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, pírámárì kẹrin. Ọmọ 52 ló wà níwájú mi. Kò sí iná, kò sí sípíkà. Ohùn mi àti àtẹ́wọ́ wọn ni gbogbo irinṣẹ́ tí mo ní.

Ìṣòro mi rèé. Àwọn ọmọ yìí mọ orin Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mọ oríkì ilé bàbá rẹ̀. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti ń kọ ọ́: orin ẹ̀yà ara, orin ọjọ́ ọ̀sẹ̀, orin òjò, orin ABC. Tí àlejò bá wọlé, wọn a dìde fùú, wọn a kọ ọ́ títí orí àlejò á fi wú. Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, mo tọ́ka sí orúnkún ọmọ kan, mo ní, "What is this?" Ó wò mí. Ó fọwọ́ lé orí, ó bẹ̀rẹ̀ orin ẹ̀yà ara lábẹ́nu, ó ń fọwọ́ bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan orúnkún. Ó wá pariwo pé, "Knees!" Orúnkún kan ṣoṣo ni mo tọ́ka sí o.

Mo rẹ́rìn-ín níwájú wọn. Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́. Wọ́n ń lo orin bí àkàbà, wọn kò lè dé ibi tí wọ́n ń lọ àfi kí wọ́n tún ti ìsàlẹ̀ gùn ún. Òmíràn wà tó gbà pé "elemenopi" jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, torí ibẹ̀ ni orin ABC ti sáré jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi orin kọ́ ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì rí, báwo lẹ ṣe ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú orin kó lè di ọ̀rọ̀ ẹnu? Ọmọdé o, àgbà o, ibi yòówù tí ẹ ti gbìyànjú rẹ̀, ẹ bá mi sọ.

Àdùkẹ́ Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́, Ànti Tísà. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń kó àwọn ìyá aláàdìrẹ jọ nírọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè, tí wọ́n bá ti palẹ̀ ọjà mọ́, ká lè kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò fi dá àlejò lóhùn. Oníbàárà tó ti ọ̀nà jíjìn wá kì í ná ọjà ní Yorùbá, àwọn ìyá wa kì í sì í fẹ́ kí ọmọkùnrin kan máa dúró gbufọ̀ fún wọn kó tún gba owó ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn.

Orin la fi ṣe é, torí àwọn ìyá mọ lílé, wọ́n mọ ègbè, a ò ní láti kọ́ wọn ní ìyẹn. Èmi a lé e: "How much is this?" Wọn a gbè é: "Five thousand naira." Èmi a ní: "Can you reduce it?" Wọn a ní: "Bring four-five." Ó dùn débi pé àwọn alágbàtà tó ń kọjá ń bá wa gbè é.

Ìyá kan ní oníbàárà kan lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ti òkè òkun dé. Ó ní, "How much is this?" Ìyá dá a lóhùn kíá, "Five thousand naira." Kí obìnrin náà tó la ẹnu, ìyá ti bọ́ sí ègbè kejì: "Bring four-five!" Ó fún un ní ẹ̀dínwó tí kò bèèrè. Oníbàárà rẹ́rìn-ín, ó ka 4,500 sílẹ̀, ó lọ. Ìyá dé kíláàsì ní Tọ́sìdeè, ó ní kí n san 500 náírà òun, orin mi ló jẹ ẹ́.

Àtìgbà náà la ti ń gé orin. Mi ò jẹ́ kí lílé tẹ̀lé ara wọn mọ́. Mo lè bi wọ́n ní ìbéèrè kẹta kí n tó bi wọ́n ní ìkíní. Mo lè bi wọ́n ní ìkan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo lè dákẹ́ láàárín, kí n na aṣọ sókè, kí n máa wò wọ́n. Ẹni tó bá gbe ègbè tí lílé kò pè, òun ni yóò ra omi tútù fún gbogbo wa. Omi tí a mu lóṣù yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún pàdánù owó sórí orin.

Ọmọ Láfẹ́nwá

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n padà gba 500 yẹn lọ́wọ́ yín?

Àdùkẹ́ Ìtòkú

Mo san án o. Ṣé mo fẹ́ kí wọ́n má wá mọ́ ni?

Akọrin Aké

Ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Èmi kì í ṣe tísà Gẹ̀ẹ́sì. Akọrin ni mí, ó ti lé ní 30 ọdún tí mo ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ mi gbọ̀ngbọ̀n.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìyìn Òyìnbó sí Yorùbá, tí wọ́n sì fi ohùn orin sílẹ̀ bí Òyìnbó ṣe gbé e kalẹ̀. Ohùn orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ di ọkọ́, ọ̀wọ̀ di ọwọ́. Ohun tó mú kí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti tiwa níbí, bàbá bàbá Fẹlá, máa fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin nìyẹn. Ní 1922 wọ́n gba orin wọn sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Ní Yorùbá, ohùn ni ìtumọ̀. Ìdí tí dùndún fi lè sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ gbé dùndún fún àyàn tó mọ iṣẹ́ jù nílẹ̀ Ẹ̀gbá, kí ẹ ní kó fi kí Òyìnbó ní "good morning". Ìlù yóò dún, ṣùgbọ́n kò sí Òyìnbó tí yóò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kí. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì bíi tiwa. Ìwúwo ni tiwọn. Sílébù kan á wúwo, ìyókù á sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa, bákan náà la ń fún gbogbo sílébù láàyè, bí ẹni ń ka owó ẹyọ sílẹ̀ ní méní méjì. Agogo ló lè sọ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe dùndún.

Nítorí náà, ẹ fi ohùn orin sílẹ̀ ná, kí ẹ mú ìlù rẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ máa pàtẹ́wọ́ mẹ́ta, dọ́gbadọ́gba, láìdúró. Kí wọ́n wá máa sọ èyí lé e lórí:

Goats eat yam.
The goats eat yam.
The goats will eat the yam.
The goats have been eating the yam.

Àtẹ́wọ́ mẹ́ta náà ni o, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orí "goats", orí "eat", orí "yam" ni ọwọ́ ń bọ́ sí. Gbogbo ìyókù, ẹ há a mọ́ àárín. Tí wọ́n bá dé ìlà kẹrin, ahọ́n wọn á lọ́. Ẹ jẹ́ kó lọ́, ẹ má dín àtẹ́wọ́ kù fún wọn. Ọmọ Yorùbá tó bá lè fi àtẹ́wọ́ mẹ́ta sọ ìlà kẹrin láìsáré, ẹnu rẹ̀ ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó jáde yunifásítì kò tíì mọ̀.

Akọrin Aké

Mo gbàgbé nǹkan kan. Ẹ ṣọ́ra fún orin tó ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Àwa kì í fi kọ́ńsónáńtì parí ọ̀rọ̀, nítorí náà tí orin bá ti fi àyè sílẹ̀ báyìí, a ó fi fáwẹ̀lì dí i. "Milk" á di "mí-lí-kì", nótì mẹ́ta, yóò sì bá ohùn orin mu rẹ́gí, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé àṣìṣe ni. Nínú ẹgbẹ́ akọrin mi, mo máa ń pa ọwọ́ dé báyìí, pá, níbi tí ọ̀rọ̀ bá parí. Ẹni tó bá ṣì ń dún lẹ́yìn rẹ̀ á gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ojú á tì í.

Tísà Pírámárì Kẹrin

Bàbá, ẹ ṣé púpọ̀, sà. Mo ti fi ewúrẹ́ jẹ iṣu pẹ̀lú ọmọ mi nílé lálẹ́ àná, èmi alára ṣì ń ṣubú ní ìlà kẹrin. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan: ògiri tó wà láàárín èmi àti kíláàsì kejì kò kan òrùlé. Ọmọ 52 tó ń pàtẹ́wọ́, ẹnìkejì mi á wọlé wá bá mi jà.

Akọrin Aké

Ìka méjì lórí àtẹ́lẹwọ́. Ohun tí a ń lò ní ìdánrawò nìyẹn nígbà tí ìsìn bá ń lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣì ń dún, kì í da ẹnikẹ́ni láàmú.

Olùkọ́ Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀

Ohun tí Bàbá sọ yìí, wọ́n fi kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi agogo ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Tísà kan ti wà ní New York rí, Carolyn Graham, tó kọ́ àwọn àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì, tó sì tún máa ń tẹ dùùrù. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ohun tó pè ní jazz chants jáde ní 1978. Kì í ṣe orin tó ní ohùn orin. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni, ìbéèrè àti èsì, tí wọ́n ń sọ lórí ìlù bó ṣe máa ń jáde lẹ́nu ọmọ onílẹ̀, kò fa ọ̀rọ̀ kan gùn, kò yí ìwúwo padà. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti gbé e kúrò ní kíláàsì lọ sí ẹnu ọ̀nà. Orin tó ní ohùn orin dùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti bọ́ ohùn orin náà kúrò lára ọ̀rọ̀. Ohun tó ṣe ọmọ olórúnkún yín gan-an nìyẹn.

Àdùkẹ́, tí ẹ kò bá bínú, mo ní orin kan fún àwọn ìyá yín. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá kì í yí padà: a di aṣọ lónìí, a di aṣọ lánàá, "di" náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ń fi "d" sí ìdí rẹ̀, "d" yẹn sì ni ẹnu wa máa ń jẹ. Ẹ gbìyànjú èyí, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, wọn ò ní nílò ìtumọ̀:

Today we tie it, we dye it, we dry it.
Yesterday we tied it, we dyed it, we dried it.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. "It" tó tẹ̀lé e ló gba "d" náà mọ́ra. Ní ẹnu, "tied it" á di "tai-dit", sílébù tó fi kọ́ńsónáńtì bẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹnu Yorùbá fẹ́ràn. Kò sẹ́ni tí yóò gbé "d" mì. Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ yọ "it", ẹ fi "the cloth" sí i. Ibẹ̀ ló ti le, ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Àdùkẹ́ Ìtòkú

Ẹ̀yin Olùkọ́! Mo kà á sétí ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó ti ń jó. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ "fifteen" àti "fifty" ńkọ́? Ìyẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ìyá á sọ pé 15,000, oníbàárà á gbọ́ 50,000, á na ẹsẹ̀ sí ọ̀nà.

Olùkọ́ Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀

Tí "fifteen" bá dá dúró, ìdí rẹ̀ ló wúwo. "Fifty", orí rẹ̀ ló wúwo. Ẹ lè fi àtẹ́wọ́ kọ́ wọn: ti àkọ́kọ́, ọwọ́ bọ́ lẹ́yìn; ti èkejì, ọwọ́ bọ́ níwájú. Ṣùgbọ́n tí "thousand" bá ti tẹ̀lé e, ìwúwo "fifteen" máa ń sún wá síwájú, wọ́n á sì tún jọra. Nítorí náà "n" ìparí ni kí wọ́n dì mú. Àwa máa ń gbé "n" yẹn lọ sí imú, tí yóò kù bí "fíftín", tí ahọ́n kò kan òkè ẹnu. Kí wọ́n fi ahọ́n kan òkè ẹnu, kí wọ́n sì fa "tee" gùn díẹ̀. Èyí tó dájú jù ni kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé fún oníbàárà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe orin.

Ìyá Arúgbó Oníwèé

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn díẹ̀.

Orin kì í kọ́ ènìyàn ní gírámà. Orin ń ba gírámà jẹ́ ni. Ẹ tẹ́tí sí orin tí àwọn ọmọ yín ń gbọ́ lórí fóònù: "she don't", "ain't", "gonna". Akọrin á gé ọ̀rọ̀ kúrò nítorí kí ìlà lè dọ́gba, ọmọ á gbé e wá sínú àròkọ. Mo ti fi bírò pupa fa irú rẹ̀ rẹpẹtẹ. Nítorí náà ẹ má gbé orin olórin wá sí kíláàsì àwọn ọmọdé. Ẹ ṣe tiyín. Ìlà mẹ́rin tó, ohun kan ṣoṣo ni kí ó máa kọ́ni.

Àpẹẹrẹ kan tí mo lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yorùbá ní "ó", ó tán. Ọkùnrin ni, obìnrin ni, ewúrẹ́ ni, "ó" ni. Ìdí tí àwọn ọmọ wa fi ń pe ìyá wọn ní "he" nìyẹn, kì í ṣe òmùgọ̀. Mo máa ń pe ọmọ méjì jáde, ọkùnrin kan, obìnrin kan, àwọn méjèèjì a máa jẹ́ Bọ́lá. Mo a lé e: "Where is Bọ́lá going?" Mo a tọ́ka. Wọn a gbè é: "She is going to Kútọ̀" tàbí "He is going to Kútọ̀". Orúkọ kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́, lílé kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́, ojú ni wọn yóò fi wá èsì. Ohun tí Àdùkẹ́ ń ṣe pẹ̀lú aṣọ náà nìyẹn. Ìgbà tí ègbè bá ti lè yí padà ni ọmọ ti ń ronú.

Èkejì, ẹ kọ orin náà sórí pátákó kí wọ́n tó kọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ "elemenopi" yẹn kò rí lẹ́tà márùn-ún náà lójú nígbà tó ń kọ́ ọ ni.

Olùkọ́ Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀

Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀bẹ̀, ibẹ̀ ni n kò ti ní bá yín lọ. Tí ọmọ bá kọ́kọ́ rí i lórí pátákó, lẹ́tà Yorùbá ni yóò fi kà á. Yóò pe "k" inú "know", yóò pe "l" inú "walk". Etí kọ́kọ́, ojú lẹ́yìn. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ kọ ọ́ sórí pátákó pẹ̀lú àlàfo, kí wọ́n fi etí wá ohun tó bọ́. Ẹ má sì yọ ọ̀rọ̀ ńlá. "To", "of", "at", "the" ni kí ẹ yọ, torí àwọn ni ìwúwo kì í kàn, àwọn ni etí wa kì í gbọ́.

Ìyá Arúgbó Oníwèé

Ọmọ 52, olùkọ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn kíláàsì kò gbọ́ "the goats will", "de gòsì-wì" ni yóò gbọ́, yóò sì gbé e dé kíláàsì kẹfà. Ẹ̀yin kọ́ ọmọ 20 nígbà ìdánrawò iṣẹ́ yín.

Ọmọ Panṣẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, Mọ̀mí, àwọn àgbà kì í jà níwájú ọmọdé o. Èmi ń kọ́ àwọn SS3 ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́. Tèmi yàtọ̀, torí àwọn wọ̀nyí ò ní kọ orin ewúrẹ́ fún mi láyé. Orin tó ń lọ nígboro ni wọ́n ń gbọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ Pídíjìn. Ohun tí mo ń ṣe: mo mú ìlà méjì péré, èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ rírùn nínú, mo ní kí wọ́n tún un kọ ní Gẹ̀ẹ́sì tí olùdánwò WAEC yóò gbà. "Dey" inú rẹ̀ yóò di kí ni? "Is"? "Has been"? Ó da lórí ohun tí olórin ń sọ. Àríyànjiyàn á bẹ́. Wákàtí kan lórí ìlà méjì, wọn ò mọ̀ pé gírámà ni wọ́n ń ṣe. Èmi gbà pé orin ń ba gírámà jẹ́, Mọ̀mí. Ìbàjẹ́ yẹn gan-an ni mo fi ń kọ́ wọn.

Fún ìdánwò Oral, wọ́n ń bèèrè ibi tí ìwúwo wà nínú ọ̀rọ̀ bíi "photograph", "photographer", "photographic". Mo ní kí wọ́n fi ẹnu lu ìlù rẹ̀, kí wọ́n má sọ ọ̀rọ̀ kankan: KÀN-kan-kan, kan-KÀN-kan-kan, kan-kan-KÀN-kan. Ẹni kan á lu, àwọn yòókù á sọ èyí tó jẹ́. Ẹ máa rí ọmọkùnrin tí kì í la ẹnu, ó ti di onílù.

Ẹni tó ní dátà, YouTube ní ibi tí a ti ń dín eré orin kù sí 0.75. Ó ń ràn wá lọ́wọ́ tí olórin bá yára jù. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ orin tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́, ẹ fi etí ara yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹnì kan tó ṣì í gbọ́ ló kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìyá Mùjídà

Ẹ má bínú pé mo dá sí i, òbí ni mí, mi ò kì í ṣe tísà. Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo ilé ni wọ́n ti ń fẹ́ orin. Ọkọ mi kì í fẹ́ kí ọmọ máa kọ orin ìfẹ́, kì í sì í fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ ní kọ́rọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kí wọ́n wá pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mi kan dákẹ́ ní gbogbo ìgbà orin nítorí ìyẹn, tísà rẹ̀ rò pé olóríkunkun ni. Èyí tí Bàbá Akọrin sọ, àtẹ́wọ́ àti ọ̀rọ̀ lásán, kò sẹ́ni tó lè bínú sí ewúrẹ́ tó ń jẹ iṣu.

Mo tún fẹ́ sọ pé ohun tí Ànti Tísà ń wí yìí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ní ilé kéú, ohùn la fi kọ́ Lárúbáwá, a ń kà á ní àjùmọ̀kà, ó wọ̀ mí lára títí dòní. Mo ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsọ̀rí parí kí n tó mọ ìtumọ̀ ẹsẹ kan. Áfáà tó padà kọ́ mi ní ìtumọ̀, ẹsẹ tí mo ti mọ̀ lórí ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé kí n gbàgbé ohun tí mo mọ̀. Ó ní, "Ìwọ ti ní ilé, jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn." Ẹ bá mi fún àwọn ọmọ wa ní irú rẹ̀.

Ojúlówó Yorùbá

Kí ló dé tí a ń fi gbogbo agbára yìí kọ́ ọmọ Ẹ̀gbá ní èdè elédè? Ẹ kọ́ wọn ní Yorùbá!

Ìyá Arúgbó Oníwèé

Àwọn méjèèjì kò ta kora. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní Ilé-Ifẹ̀: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan, tísà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni wọ́n fi sí i. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Nítorí náà, Ànti Tísà, ẹ fi Yorùbá sọ ìtumọ̀ orin kí wọ́n tó kọ ọ́. Ẹ bi wọ́n ní Yorùbá pé, "Ṣé ewúrẹ́ ti jẹ iṣu tán, àbí ó ṣì ń jẹ ẹ́?" Ìgbà tí wọ́n bá mọ ìyàtọ̀ yẹn ni "have been eating" tó ní ìdí tó fi gùn.

Tísà Pírámárì Kẹrin

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ẹ jẹ́ kí n jíyìn.

Ìka méjì lórí àtẹ́lẹwọ́ ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kìíní, ìlà kẹrin di ariwo. Ọjọ́ kẹrin, ìlà ìjókòó ọwọ́ ọ̀tún mú un, wọ́n sì ń fi ṣe fọ́ńté sí ọwọ́ òsì. Lórí etí àti pátákó, mo ṣe ti Olùkọ́ fún ọjọ́ méjì, mo sì rìn dé ẹ̀yìn kíláàsì láti gbọ́. Mọ̀mí, ẹ jàre: mo bá "gòsì-wì" níbẹ̀. Ní báyìí, àwọn tó wà níwájú ń fi etí kọ́ ọ, mo sì ń fún àwọn tó wà lẹ́yìn ní bébà kékeré tí mo kọ ìlà mẹ́rin sí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì wọn á pààrọ̀ àyè. Ó ń jẹ mí lákòókò, kò sì tíì dán mọ́rán.

Orin ẹ̀yà ara tó dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo gé e bí Àdùkẹ́ ṣe gé tirẹ̀. Mo ń ti ìdí kọ ọ́ lọ sókè. Mo ń dákẹ́ láàárín. Mo ń tọ́ka sí èjìká, mo ń kọ "toes", ẹni tó bá tẹ̀lé ẹnu mi dípò ọwọ́ mi jókòó. Ọmọ olórúnkún kò gun àkàbà mọ́, ṣùgbọ́n "knees" ló ṣì ń pè é, kan o, méjì o.

Mo ní ọmọbìnrin kan tí kì í kọrin, tí kì í pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìyá Mùjídà, mo fi í sílẹ̀, n kò bá a wí. Lánàá, nígbà ìsinmi, ó sáré wá bá mi, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní: "Auntie! Sikiru have been eating the my biscuit!" Mi ò lè mí. Kò sẹ́ni tó kọ orin bísíkíìtì fún un rí.

Ìyá Arúgbó Oníwèé

"Has", ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ gba bísíkíìtì rẹ̀ padà fún un ná.